Nígbà Tí Ọlọ́pàá Bá Kó Fáìlì Dókítà: Ẹ̀rí Wo Ni Adájọ́ Yóò Gbà, Èwo Ni Yóò Lé Jáde?

Ọ̀rọ̀ òfin ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣí ojú ìwé yìí kọjá, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan ilé wa. Àwọn ọmọ wa pọ̀ nínú àwọn dókítà, nọ́ọ̀sì, apòògùn àti akọ̀wé tí ń ṣiṣẹ́ ìlera ní Amẹ́ríkà. Bí ìròyìn bá dé pé àwọn ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ náà ya wọ ọ́fíìsì dókítà kan, tí wọ́n sì ń ru páálí ìwé jáde bí ẹni ń kó ẹrù ọjà, ìbéèrè tí gbogbo wa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé, “Ṣé ó jí owó náà lóòótọ́?” Ìbéèrè mìíràn wà tí àwọn lọ́yà ibẹ̀ máa ń béèrè ṣáájú èyí: “Ta ni ó ní kí ọlọ́pàá wọlé, kí ni ó sì ní kí wọ́n mú?”

Ìbéèrè kejì yìí kì í ṣe ti ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́ lásán. Bí ìdáhùn rẹ̀ kò bá dára, adájọ́ lè lé ẹ̀rí jáde kúrò ní kóòtù, bí ẹ̀rí náà tilẹ̀ jẹ́ òtítọ́ pọ́ńbélé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́ èyí, wọ́n ní òfin òyìnbó ti ya wèrè. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ sọ ìdí rẹ̀.

OLÈ ORÍ ÌWÉ

Ní ọdún 1965 ni ìjọba Amẹ́ríkà dá ètò méjì sílẹ̀ fún owó ìtọ́jú. Medicare ni a dá sílẹ̀ fún àwọn àgbà tí wọ́n ti pé ẹni ọdún 65. Medicaid ni ti àwọn tálákà. Dókítà yóò tọ́jú aláìsàn, yóò kọ ohun tí ó ṣe sínú fáìlì, yóò fi ìwé owó ránṣẹ́, ìjọba yóò sì san án. Ètò náà ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn là, ṣùgbọ́n ibi tí owó bá wà, olè kì í jìnnà síbẹ̀.

Oríṣiríṣi ọ̀nà ni àwọn oníjìbìtì fi ń jẹ owó yìí. Dókítà kan lè béèrè owó lórí aláìsàn tí kò fẹsẹ̀ kan ọ́fíìsì rẹ̀ rí. Òmíràn lè bá aláìsàn sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ó kọ ọ́ pé wákàtí kan ni. Òmíràn lè ní kí wọ́n yẹ ọkàn àwọn ènìyàn wò láìsí ìdí, nítorí owó tí ń bẹ nínú àyẹ̀wò náà. Òmíràn a sì máa fún àwọn alágbàtà ní ẹ̀gúnjẹ kí wọ́n lè máa kó aláìsàn wá bá a.

Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 1996 sọ pé ẹni tí ó bá ṣe jìbìtì owó ìlera lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 jura. Bí ara aláìsàn bá tibẹ̀ bàjẹ́ gidigidi, ó lè di ọdún 20. Bí ẹ̀mí bá tibẹ̀ lọ, ó lè di ẹ̀wọ̀n gbére. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé àwọn ti fi ẹ̀sùn irú èyí kan ènìyàn 324. Nínú wọn, 96 jẹ́ dókítà, apòògùn àti àwọn oníṣẹ́ ìlera mìíràn tí wọ́n ní ìwé àṣẹ iṣẹ́. Owó tí ìjọba ní wọ́n fẹ́ fi jìbìtì gbà ju bílíọ̀nù 14.6 dọ́là lọ. Ẹ̀sùn ni mo wí o, n kò wí pé ìdájọ́ ni. Síbẹ̀, ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Owó tí olè yìí ń kó jẹ́ owó ìtọ́jú arúgbó àti ti aláìní.

Bí olè bá jí ewúrẹ́, ewúrẹ́ ni a óò wá. Olè orí ìwé, inú ìwé ni ẹrù rẹ̀ wà. Ìdí nìyí tí ọlọ́pàá fi ń lọ sí ọ́fíìsì dókítà láti kó fáìlì, ìwé owó, ìwé àdéhùn iṣẹ́ àti ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan náà tí irọ́ dókítà wà, ibẹ̀ náà ni àṣírí àwọn ènìyàn tí kò mọ ohunkóhun nípa irọ́ náà wà: aláboyún, aláìsàn jẹjẹrẹ, ẹni tí orí ń dà láàmú, ẹni tí ó ní àrùn tí kò tíì sọ fún ìyàwó rẹ̀.

IṢẸ́ TÍ A RÁN ỌLỌ́PÀÁ

Nígbà tí Amẹ́ríkà ṣì wà lábẹ́ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn aṣọ́bodè máa ń mú ìwé àṣẹ kan dání tí kò dárúkọ ilé, tí kò dárúkọ ẹrù. Ilé tí ó bá wù wọ́n ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n á máa tú ẹrù oníṣòwò káàkiri láti wá ọjà tí a kò san owó orí rẹ̀. Ní ọdún 1761, lọ́yà kan tí ń jẹ́ James Otis dìde ní kóòtù ní Boston, ó bá irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀ jà. Kò borí lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ náà gba òmìnira, wọ́n fi Àtúnṣe Kẹrin kún ìwé òfin ìpìlẹ̀ wọn ní ọdún 1791.

Ohun tí àtúnṣe náà béèrè kò ṣòro láti yé ni. Àkọ́kọ́, kí ọlọ́pàá tó gba ìwé àṣẹ, èyí tí a ń pè ní wọ́ráǹtì, ó gbọ́dọ̀ búra níwájú adájọ́, kí ó sọ ìdí tó múná dóko tí ó fi gbà pé ẹ̀rí ọ̀ràn wà níbi tí ó fẹ́ wọ̀. Ìkejì, ìwé àṣẹ náà gbọ́dọ̀ dárúkọ ibi tí wọn yóò wọ̀ àti ohun tí wọn yóò mú.

Ẹ̀yin oníṣòwò mọ èyí tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá rán ọmọ lọ sí ọjà, ẹ ó sọ fún un pé iyọ̀ báyìí, ata báyìí, kí ó mú un wá láti ìsọ̀ ẹni báyìí. Bí ọmọ náà bá ru gbogbo igbá tó wà ní ìsọ̀ náà wá sílé, kò jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ rán an. Àwọn àgbà ní ẹni tó ránni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a óò jẹ́ ẹ fún. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, adájọ́ ni ó rán ọlọ́pàá níṣẹ́. Bí ọlọ́pàá bá kọjá ibi tí a rán an dé, ara rẹ̀ ni ó ń jẹ́ iṣẹ́ fún.

BÍ Ẹ̀RÍ ṢE Ń DI ÌTA

Fún ọdún púpọ̀, òfin wà ṣùgbọ́n kò ní eyín. Ọlọ́pàá lè ṣẹ̀ sí i, kí ẹ̀rí náà sì wúlò fún un síbẹ̀. Ní ọdún 1914, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà sọ nínú ẹjọ́ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Weeks pé kóòtù ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ lo ìwé tí àwọn ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ fi ipá kó nínú ilé ènìyàn láìsí ìwé àṣẹ.

Ní ọdún 1961, wọ́n na òfin náà dé gbogbo ìpínlẹ̀. Ẹjọ́ obìnrin kan tí ń jẹ́ Dollree Mapp, ní ìlú Cleveland, ni ó fà á. Ní ọdún 1957, ọlọ́pàá wá sí ilé rẹ̀ pé àwọn ń wá ẹnì kan. Ó ní kí wọ́n mú ìwé àṣẹ wá. Wọ́n lọ, wọ́n tún padà wá, wọ́n fi ipá ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n sì na bébà kan sókè pé ìwé àṣẹ nìyẹn. Obìnrin náà já bébà náà gbà, ó fi í sí àyà. Wọ́n bá a jà, wọ́n gbà á padà. Wọ́n tú gbogbo ilé, wọ́n rí àwọn ìwé tí wọ́n ní ó jẹ́ ìwé ìṣekúṣe, wọ́n sì fi ìyẹn dá a lẹ́bi. Títí ẹjọ́ fi parí, kò sẹ́ni tó mú ìwé àṣẹ kankan jáde. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní ẹ̀rí tí a bá gbà báyìí kò ní àyè ní kóòtù ìpínlẹ̀ kankan mọ́.

Ìyá kan tí ń ta aṣọ, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin jẹ́ akọ̀wé owó ní ọ́fíìsì dókítà kan lọ́hùn-ún, gbọ́ àlàyé yìí lẹ́nu mi, ó sì mi orí. Ó ní, “Wò ó, ọmọ mi, bí olè bá kó ìsọ̀ mi, tí a bá aṣọ mi nílé rẹ̀, ṣé nítorí pé ọlọ́pàá kò kan ilẹ̀kùn dáadáa ni olè yóò ṣe máa yan lọ? Ẹni tí yóò mú ọ̀bọ, ṣebí ó ní láti ṣe bí ọ̀bọ.”

Mo ní, “Màmá, òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká yí i padà. Ká ní ìsọ̀ yín ni wọ́n wá wò, nítorí pé ẹnì kan sọ pé ẹ ra ìdì aṣọ kan tí a jí. Bí wọn kò bá mú ìdì aṣọ náà nìkan, tí wọ́n kó gbogbo ọjà yín, tí wọ́n tún gbé ìwé àwìn yín lọ ńkọ́?”

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, “Ìwé àwìn mi kẹ̀? Àṣírí ìyàwó ilé tó jẹ mí lówó tí ọkọ kò mọ̀, inú rẹ̀ ló wà. Kí ló kan ọlọ́pàá níbẹ̀?”

Mo ní, “Màmá, fáìlì aláìsàn ni ìwé àwìn dókítà.” Ó dákẹ́. N kò lè sọ pé ó gba tèmi tán, nítorí títí a fi pínyà ni ó ń tẹnu mọ́ ọn pé olè kò gbọdọ̀ lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ibi tí òun àti èmi dúró sí yẹn gan-an ni àwọn adájọ́ Amẹ́ríkà ti ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́ láti ọdún 1914.

ẸJỌ́ ÀWỌN DÓKÍTÀ KAN NÍ ỌDÚN 1980

Ẹ jẹ́ kí n mú ẹjọ́ kan wá tí ó bá ọ̀rọ̀ wa mu gẹ́lẹ́. Ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ìjọba fura sí àwọn dókítà kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pé wọ́n ń béèrè owó Medicare àti Medicaid lórí iṣẹ́ tí wọn kò ṣe. Ọlọ́pàá gba ìwé àṣẹ. Ohun tí ìwé náà ní kí wọ́n mú ni ìwé iṣẹ́, ìwé owó àti fáìlì aláìsàn tí ó fi ìtọ́jú tí wọ́n ṣe ní tòótọ́ hàn, àti èyí tí wọ́n fi jìbìtì sọ pé wọ́n ṣe.

Ẹ wò ó bí ẹni pé ó dára. Ṣùgbọ́n báwo ni ọlọ́pàá tó dúró níwájú kọ́bọ́ọ̀dù yóò ṣe mọ fáìlì tó jẹ́ ti jìbìtì yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ ti òótọ́? Jìbìtì kì í kọ orúkọ ara rẹ̀ sí iwájú fáìlì. Ìwé àṣẹ náà kò dárúkọ aláìsàn kan, kò sì sọ ọdún wo sí ọdún wo. Nígbà tí wọn kò lè yà á sọ́tọ̀, wọ́n kó gbogbo fáìlì Medicare àti Medicaid tí wọ́n bá níbẹ̀, wọ́n sì mú mọ́ ọn lára fáìlì àwọn tí kò sí nínú ètò méjèèjì.

Adájọ́ ní kóòtù àkọ́kọ́ lé ẹ̀rí náà jáde. Ìjọba pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ó sì kùnà. Ní ọdún 1980, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti ìjọba àpapọ̀ tí ó wà fún àgbègbè náà sọ pé ìwé àṣẹ tí ó fi ọlọ́pàá sílẹ̀ láti yan ohun tí ó bá wù ú kò yàtọ̀ sí irú èyí tí àwọn baba ńlá wọn bá ọba jà lé lórí.

KÒ RỌRÙN TÓ BẸ́Ẹ̀ FÚN DÓKÍTÀ

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé gbogbo dókítà tí ó bá ti pariwo “ìwé àṣẹ” ni yóò bọ́. Àwọn adájọ́ ti fi ògiri púpọ̀ mọ yí ìlànà yìí ká.

Ní ọdún 1976, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ gba ẹ̀rí tí a kó ní ọ́fíìsì lọ́yà kan ní Maryland, nítorí pé orúkọ àwọn ìwé tí wọn yóò mú gùn rẹrẹ, gbogbo rẹ̀ sì rọ̀ mọ́ títa ilẹ̀ kan pàtó. Àwọn kóòtù mìíràn sì ti sọ pé bí ìdí bá wà láti gbà pé ilé-iṣẹ́ kan jẹ́ jìbìtì láti òkè dé ilẹ̀, tí kò sí iṣẹ́ òótọ́ níbẹ̀, ọlọ́pàá lè gba àṣẹ láti kó gbogbo ìwé rẹ̀.

Ògiri tó ga jù ni èyí tí wọ́n mọ ní ọdún 1984, nínú ẹjọ́ Leon. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní bí ọlọ́pàá bá fi òtítọ́ inú gbẹ́kẹ̀ lé ìwé àṣẹ tí adájọ́ fọwọ́ sí, tí a sì wá rí i lẹ́yìn náà pé ìwé náà ní àbùkù, ẹ̀rí náà lè wọlé. Wọ́n ní ọlọ́pàá ni a fẹ́ fi ìlànà yìí kọ́ lẹ́kọ̀ọ́, kì í ṣe adájọ́. Láti ìgbà náà ni ó ti ṣòro gan-an láti lé ẹ̀rí jáde.

Ṣùgbọ́n ògiri náà ní ihò. Ní ọdún 1978 ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti sọ pé bí ọlọ́pàá bá mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ nínú ìbúra rẹ̀ níwájú adájọ́, tí a yọ irọ́ náà kúrò, tí èyí tó kù kò sì tó gba ìwé àṣẹ, ìwé náà wó lulẹ̀ nìyẹn. Ní ọdún 2004 sì ni ẹjọ́ kan ti Montana dé iwájú wọn, níbi tí ọlọ́pàá ti ṣèṣì kọ àpèjúwe ilé sí àyè tí ó yẹ kí ó kọ ohun tí ó fẹ́ mú sí. Nígbà tí àwọn tó ni ilé pe ọlọ́pàá náà lẹ́jọ́, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní ẹnikẹ́ni tó bá fi ojú kan ìwé náà yóò mọ̀ pé kò pé, kò sì sí àwáwí.

Ohun mìíràn tún wà. Ẹni tí yóò ní kí a lé ẹ̀rí jáde gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹ̀tọ́ tòun gan-an ni wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1987, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ gbà pé dókítà kan ní ọsibítù ìjọba ní California ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí tábìlì àti kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní bí ọ̀gá iṣẹ́ bá yẹ̀ ẹ́ wò nítorí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, kò di dandan kó gba ìwé àṣẹ, bí àyẹ̀wò náà bá ti bọ́gbọ́n mu. Ní ọdún 2009, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn kan ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà gbọ́ ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ ìlera kan tí a ní ó fi àyẹ̀wò ọkàn àti ti oorun jẹ owó Medicare. Wọ́n ní pé ẹnì kan ni ó ni ilé-iṣẹ́ kò tó fún un láti sọ pé gbogbo yàrá ibẹ̀ jẹ́ tòun. Wọ́n sì ní níbi tí díẹ̀ nínú ohun tí ìwé àṣẹ kà sílẹ̀ bá gbòòrò jù, díẹ̀ náà ni kí a yọ. Kí èyí tó dára dúró.

Ìsinsìnyí tí fáìlì ti wọ inú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ tún díjú sí i. Òfin gba ọlọ́pàá láyè láti gbé ẹ̀rọ tàbí ẹ̀dà rẹ̀ lọ, kí ó máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà. Ní Connecticut, wọ́n ṣe ẹ̀dà kọ̀ǹpútà oníṣirò owó kan ní ọdún 2003 nítorí ọ̀ràn àwọn oníbàárà rẹ̀. Wọ́n tọ́jú gbogbo rẹ̀ ju ọdún méjì lọ, wọ́n sì wá lò ó fún ọ̀ràn ti òun fúnra rẹ̀. Kóòtù kòtẹ́milọ́rùn dá a láre ní ọdún 2014. Ní ọdún 2016, gbogbo adájọ́ kóòtù náà jókòó pọ̀, wọ́n yí i padà, wọ́n ní ọlọ́pàá fi òtítọ́ inú ṣe é.

KÍ NI Ó ṢẸ́KÙ LỌ́WỌ́ ÌJỌBA?

Mo fẹ́ kí ìyá aláṣọ yẹn gbọ́ èyí dáadáa. Bí adájọ́ bá lé ẹ̀rí jáde, kò túmọ̀ sí pé ẹjọ́ ti parí. Ìwé owó tí dókítà fi ránṣẹ́ sí Medicare kò sí ní ọ́fíìsì rẹ̀ nìkan. Ó ti wà lọ́wọ́ ìjọba láti ọjọ́ tí ó ti fi í ránṣẹ́. Aláìsàn tí a ní ó gba ìtọ́jú lè wá sọ pé òun kò dé ibẹ̀ rí. Nọ́ọ̀sì tàbí akọ̀wé tó rí bí ọ̀ràn ṣe ń lọ lè jẹ́rìí. Ìjọba tún lè béèrè ìwé láti inú báńkì. Olè orí ìwé kì í jalè kí ó má fi àtẹ̀lẹ́sẹ̀ sílẹ̀ ní ibi púpọ̀.

Ti aláìsàn kò rí bẹ́ẹ̀. Àṣírí tó bá ti tú kì í ṣe é kó padà sínú páálí. Ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ àárín dókítà àti aláìsàn kò ní ààbò tó péye, àfi ti àwọn tí ń tọ́jú ọpọlọ àti ọkàn nípa ìjíròrò, èyí tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi òǹtẹ̀ lù ní ọdún 1996. Nítorí náà, ìwé àṣẹ tó dárúkọ ohun tí ọlọ́pàá ń wá wà lára odi díẹ̀ tí aláìsàn ní. Dókítà ni ó ń pariwo níwájú adájọ́, ṣùgbọ́n aláìsàn tí kò sí níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń dáàbò bò jù.

ÀWA NÍLÉ ŃKỌ́?

Ọ̀nà tí àwa gbà wá yàtọ̀. Nínú ẹjọ́ Kuruma, tí ó ti Kẹ́ńyà dé iwájú ìgbìmọ̀ adájọ́ ọba ní London, tí a sì tẹ̀ sínú ìwé ẹjọ́ ọdún 1955, ìdájọ́ ni pé bí ẹ̀rí bá ti kan ọ̀ràn, kóòtù kò ní béèrè bí a ṣe rí i. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tiwa ní Nàìjíríà tẹ̀lé ọ̀nà yìí nínú ẹjọ́ Musa Sadau ní ọdún 1968.

Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 tún un ṣe. Abala 14 sọ pé ẹ̀rí tí a fi ọ̀nà àìtọ́ gbà lè wọlé, àfi bí adájọ́ bá rí i pé ibi tí gbígbà á yóò fà ju ire rẹ̀ lọ. Abala 15 sì kọ́ adájọ́ ní ohun tí yóò gbé sórí òṣùwọ̀n: bí ẹ̀rí náà ti wúlò tó, bí ọ̀ràn náà ti wúwo tó, bí àìtọ́ ọlọ́pàá ti pọ̀ tó, àti bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Abala 37 ìwé òfin ìpìlẹ̀ wa ti ọdún 1999 náà sì dáàbò bo àṣírí ọmọ ìlú àti ilé rẹ̀.

Mo rántí èyí fún yín nítorí pé òfin ìbánigbófò ìlera tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan pé kí gbogbo ènìyàn wọ inú ètò náà. Bí ètò náà bá ṣe ń gbilẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìwé owó yóò máa ti ọsibítù wa lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń sanwó. Ọjọ́ tí a bá ní kí a yẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ wò, fáìlì tiyín àti tèmi ni yóò wà nínú páálí.

ÌMỌ̀RÀN FÚN ÀWỌN ỌMỌ WA TÓ WÀ LỌ́HÙN-ÚN

Ìwé ìròyìn kò lè rọ́pò lọ́yà, ṣùgbọ́n ẹ lè fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ránṣẹ́ sí wọn.

Èkíní: ka ìwé àṣẹ náà. Wo àdírẹ́sì, ọjọ́, orúkọ ohun tí wọn yóò mú, àti ọwọ́ adájọ́. Ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀ kì í kọjá ọjọ́ 14 kí wọ́n tó lò ó, aago mẹ́fà àárọ̀ sí aago mẹ́wàá alẹ́ sì ni àkókò rẹ̀, àfi bí adájọ́ bá sọ pé ó di òmíràn.

Èkejì: má dí wọn lọ́nà. Má fa bébà kan ya, má pa ohunkóhun rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà. Ẹni tí a kò bá lè dá lẹ́bi jìbìtì lè gba ẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 20 nítorí ìwé tí ó jó.

Ẹ̀kẹta: má fi ìbẹ̀rù sọ pé, “Ẹ máa tú u lọ.” Bí o bá ti fọwọ́ sí i, o ti fún wọn ní ohun tí adájọ́ lè má fún wọn. Sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, “N kò fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n n kò ní dí yín lọ́wọ́.”

Ẹ̀kẹrin: kò di dandan kí o dáhùn ìbéèrè kí lọ́yà tó dé. Ṣùgbọ́n bí o bá sọ̀rọ̀, má purọ́, má sì kọ́ ẹlòmíràn ní irọ́.

Ẹ̀karùn-ún: gba ẹ̀dà ìwé àṣẹ àti ìwé tí wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n kó sí. Òfin ní kí wọ́n fi méjèèjì sílẹ̀.

Ẹ̀kẹfà: tètè wá lọ́yà. Kí ìgbẹ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni a ti gbọ́dọ̀ ní kí adájọ́ lé ẹ̀rí jáde. Ẹni tó bá pẹ́ lè pàdánù rẹ̀.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí wọ́n má kọ iṣẹ́ tí wọn kò ṣe. Kò sí lọ́yà tó gbọ́n tó orúkọ rere. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun.

Ní tèmi, n kò káàánú dókítà tó fi orúkọ arúgbó jẹ owó. Kí òfin mú un. Ṣùgbọ́n ọ̀nà láti mú un kò ṣòro: kí ọlọ́pàá jókòó, kí ó kọ orúkọ ohun tí ó ń wá, ti ọdún wo, ti aláìsàn wo, kí ó gbé e fún adájọ́, kí ó sì jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an. Ìjọba tí kò lè ṣe ìyẹn kò gbọdọ̀ bínú bí adájọ́ bá dá páálí rẹ̀ padà. Àgbọ́ẹjọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà ni. Adájọ́ tó bá ṣírò ẹjọ́ dókítà, tí ó ṣírò ti ìjọba, tí ó tún rántí aláìsàn tí kò sí ní kóòtù, ẹ̀tọ́ ló ṣe.